Láísẹ́ǹsì Irun Tó Tẹ̀lé Mi Wá sí Dallas

Ohùn rẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé ewu ti dé. Mo jókòó nínú ọkọ̀ mi níwájú ṣọ́ọ̀bù onírun tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Carrollton, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas, mo ń jẹ búrẹ́dì kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó dé. Nọ́ńbà tí n kò mọ̀ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wátsáàpù. Mo rò pé ẹni tó fẹ́ wá ṣe irun ni. Mo tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyàwó mi. Dallas lẹ wà, mo ti gbọ́. Dallas tóbi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù onírun àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀, ṣé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Màá máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ni. N kò kánjú."

Ẹni tí kò gbé pẹ̀lú ọkọ mi rí lè rò pé ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni. Èmi mọ̀ ọ́n. Lójoojúmọ́, "o" ló máa ń pè mí. Ọjọ́ tó bá ti pè mí ní "ẹ", tó ń kí mi bí ẹni ń kí ìyá ìyàwó, lílù ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbé búrẹ́dì náà sílẹ̀. Mo ti gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Georgia ló wà.

Kò sí ẹni tí mo sọ ibi tí mo wà fún. Ìyá mi ní Ọ̀yọ́ pàápàá kò mọ̀, nítorí tí wọ́n bá mọ̀, wọn yóò sọ fún ọkọ mi lọ́jọ́ tó bá fi ẹkún pè wọ́n, wọn yóò sì rò pé oore ni àwọn ṣe mí. Báwo wá ni ó ṣe mọ̀? Mo jókòó síbẹ̀ títí tí ó fi yé mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Láísẹ́ǹsì irun kì í dá kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn ní orílẹ̀-èdè yìí. O lè ti fi irun jẹun ní Georgia fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí o bá ti wọ Texas, o di ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Texas yóò béèrè lọ́wọ́ Georgia pé, ṣé ẹ mọ obìnrin yìí, ṣé kò sí ẹjọ́ lọ́rùn rẹ̀? Georgia fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Wọn kì í gba ìdáhùn náà lọ́wọ́ rẹ. Mo ń gbọ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń bá ara wọn ṣe àdéhùn kí láísẹ́ǹsì kan lè ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀. Nígbà tí mo nílò rẹ̀, kò sí fún mi.

Nítorí náà, lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ohùn yẹn, mo wọ ojú òpó ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì Georgia lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá mi, mo ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ mi ránṣẹ́ sí Texas. Mo kọ nọ́ńbà fóònù mi tuntun síbẹ̀. Mo kọ àpótí tí mo gbà ní póòsì ọ́fíìsì kan ní Dallas, nítorí ẹ̀rù kò jẹ́ kí n kọ ilé tí mo ń sùn. Mo rò pé mo ti gbọ́n.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé Amẹ́ríkà, n kò mọ kọ̀ǹpútà lò. Ọkọ mi ló ṣí í-meèlì fún mi. Òun ló fi í-meèlì náà bá mi ṣí ìwé ní ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì, òun ló sì ń bá mi sọ ọ́ dọ̀tun nígbà tí àkókò bá tó. Èmi nìkan kọ́ ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwa tí a jọ ń ṣe irun ní Georgia nígbà náà, bí ẹnì kan bá béèrè, ohun tí a máa ń sọ ni pé, "Ọkọ mi ló ń bá mi ṣe é," a ó sì yangàn bí ẹni tí ọkọ ra aṣọ fún. Nígbà tí mo sá kúrò, mo pa nọ́ńbà fóònù dà, mo pa báǹkì dà, mo kó àwọn àlùmọ́gàjí mi. Í-meèlì náà kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn, nítorí n kì í kà á. Òun ló ń kà á. Bí Georgia ṣe gba ohun tí mo béèrè, wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ síbẹ̀, àti nọ́ńbà, àti Dallas, wọ́n sì kí mi pé mo ṣeun.

Lọ́jọ́ náà mo wọlé, mo ṣiṣẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá mi, tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, jẹ́ obìnrin Ìjẹ̀bú tó gbẹ, tó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń já òwú. Kò gbà mí nítorí irun dídì. Ní Texas, ẹni tó bá ń di irun nìkan kò nílò láísẹ́ǹsì, àwọn ọmọdébìnrin tó ń ṣe é sì pọ̀. Ó gbà mí nítorí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ti Plano àti Wylie wá, àwọn ìyá tí wọ́n ń fẹ́ kí a fi ríláàsà mú irun wọn rọ̀, kí a gé e mọ́ orí dáadáa, kí wọ́n sì tètè lọ sùn. Iṣẹ́ yẹn ni mo mọ̀. Iṣẹ́ yẹn ni láísẹ́ǹsì wà fún. Kó tó dé, irun ni mo ń dì, ìka ọwọ́ mi sì ti ń le. Tí mo bá jí láàárọ̀, omi gbígbóná ni mo fi ń tú wọn.

"Ìyá Georgia," bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń pè mí, "ìgbà wo ni Texas máa mọ̀ ẹ́?"

"Ó ń bọ̀, ọ̀gá."

"Ó ń bọ̀ bí ọjọ́ ìdájọ́. Tí kò bá tètè dé, màá gbé àga yẹn fún ẹlòmíràn. N kò fi ṣọ́ọ̀bù ṣe sàráà."

Kò pẹ́ lẹ́yìn ohùn yẹn ni ọkọ mi pe ṣọ́ọ̀bù. Ríláàsà wà lọ́wọ́ ọ̀gá mi, nítorí náà ó ní kí wọ́n jẹ́ kí fóònù náà sọ̀rọ̀ síta. Gbogbo wa la gbọ́ ọ.

"Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú òwò. Ìyàwó mi ni mo ń wá. Ara rẹ̀ kò yá, orí rẹ̀ ló dàrú díẹ̀. Ó jáde nílé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Onírun ni."

"Sà," ọ̀gá mi ní, "irun tó bá ta kókó là ń tú níbí. A kì í wo orí."

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Mo dúró bí igi, kóòmù wà lọ́wọ́ mi. Nọ́ọ̀sì kan wà lábẹ́ dráyà, dráyà náà ń pariwo létí rẹ̀, kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà lórí fóònù. Ó sọ ọ́ síta bí ẹni tó wà lóko:

"Ìyá Georgia, ẹ bá mi dín in kù, ó ti ń jó mi lórí."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró, kì í ṣe nítorí pé wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ojú mi ni wọ́n rí. Ọkọ mi ní lórí fóònù, "Ẹ ṣeun gan-an ni mà. Ẹ bá mi kí Ìyá Georgia."

Ọ̀gá mi fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó pè mí sẹ́yìn.

"Kí lo jẹ ọkùnrin yẹn?"

"N kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan."

"Kò dún bẹ́ẹ̀. Gbọ́, n kò kọ́ ṣọ́ọ̀bù kí ọkọ ẹlòmíràn wá fọ́ gíláàsì rẹ̀ mọ́ mi lórí. Láti òní, ẹ̀yìn ni kó o máa jókòó sí. Tó bá ti wọlé, o kò sí níbí, èmi náà ò mọ̀ ẹ́ rí. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò gba ọ̀nà kan náà délé lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara. Màá wọ fríwéè, màá tún jáde, màá dúró níbi tí wọ́n ti ń ta epo ọkọ̀, màá wo àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi.

Òun fúnra rẹ̀ kò wá. Ó rán àgbà sí mi. Ọ̀sán Sátidé kan, tí ṣọ́ọ̀bù kún, bàbá kan wọlé láti Arlington, ìlú kan nítòsí wa. Ará ìlú ọkọ mi ni, ẹni tí wọ́n máa ń pè tí ìjà bá wọ ilé ẹnikẹ́ni lára wọn. Mo ti gbé oúnjẹ fún un rí ní Georgia. Orúnkún mi ti kan ilẹ̀ kí n tó rántí pé ó yẹ kí n sá.

"Ẹ káàsán sà."

"Dìde, ọmọ mi. Ọkọ rẹ kò sùn láti ọjọ́ tó o ti lọ."

"Èmi náà kò sùn, sà."

"Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Ẹ ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe eré jù. O mọ̀ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àwa la máa bá yín parí ẹ̀." Ó fa àga kan, ó jókòó bí ẹni tó wà ní pálọ̀ rẹ̀. "Inú ló bí i. Ó ti kọ̀wé sí àwọn tó fún ẹ ní láísẹ́ǹsì ní Georgia. Ó sọ fún wọn pé o kò lọ sílé-ẹ̀kọ́ irun kankan, pé rírà lo ra ìwé ẹ̀rí ẹ."

Bàbá náà rọra ń sọ ọ́, bí ẹni ń ka iye ọjà fún oníbàárà.

"Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀sùn yẹn bá wà níbẹ̀, Georgia ò ní dá Texas lóhùn. Ṣùgbọ́n tó o bá padà sílé, ó máa kọ òmíràn pé inú ló ń bí òun. Ó ti ṣèlérí fún mi. Tó o bá sì kọ̀, wàá máa di irun títí ìka ẹ á fi ká."

"Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé ó fọ́ mi léyín?"

Ó wo ẹnu mi. "Eyín ni. Wọ́n ń ṣe eyín ní Amẹ́ríkà."

Ọ̀gá mi mú ẹ̀rọ ìfárí, ó tàn án, ó wá dúró lẹ́yìn bàbá náà.

"Bàbá, irun ẹ̀yìn ọrùn yín ti hù. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fá a, ọ̀fẹ́ ni. Ọwọ́ mi ló kàn máa ń gbọ̀n tí inú bá ń bí mi."

"Ìwọ obìnrin yìí, mo lè bí ẹ."

"Ẹ kò bí mi, sà. Ilẹ̀kùn nìyẹn."

Nígbà tí ó lọ tán, mo fẹ́ dúpẹ́. Kò jẹ́ kí n dúpẹ́. Ó ní, "Má rò pé mo fẹ́ràn ẹ. N kò fẹ́ràn kí wọ́n wá bá mi jókòó sórí àga oníbàárà láì ṣe irun ni. Àwọn ohùn tó ń fi ránṣẹ́, ṣé o ti pa wọ́n rẹ́?"

"Rárá."

"Má pa wọ́n."

Òun ló gbé mi lọ sí kóòtù ní Dallas, ó ń ráhùn lọ́nà pé òwò òun ti bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá túmọ̀ àwọn ohùn náà fún adájọ́. Mo ní láti ṣàlàyé ìdí tí "ẹ kú iṣẹ́ o, ìyàwó mi" fi ń dẹ́rù bà mí, ó sì ṣòro láti ṣàlàyé fún aláwọ̀ funfun, ṣùgbọ́n adájọ́ náà, obìnrin ni, ó ní kí n tún un sọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti pe ẹjọ́ náà títí, ó fún mi ní ìwé ààbò: ọkọ mi kò gbọ́dọ̀ pè mí, kò gbọ́dọ̀ wá, kò gbọ́dọ̀ rán ẹnikẹ́ni. Ìpè dáwọ́ dúró. A kò rí bàbá Arlington mọ́.

Ṣùgbọ́n adájọ́ Texas kò lè ní kí Georgia ya ẹ̀sùn tó wà lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn nìkan ló kù fún ọkọ mi láti fi mú mi, ó sì tó o. Ọ̀gá mi ti sọ fún mi pé tí òtútù ọdún náà bá fi parí láìsí láísẹ́ǹsì, òun ti rí ẹni tó máa gba àga náà. Kò sọ ọ́ tìkàtìkà. Ó kàn sọ ọ́.

Òṣìṣẹ́ kan pè mí láti ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì Georgia. Obìnrin ni, ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, kò sì bá mi ṣọ̀rẹ́. Ó ní àwọn ò rí ìwé kankan láti ilé-ẹ̀kọ́ irun tí mo ní mo lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ti kógbá wọlé, ẹni tó ni ín ti kú, ibẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ń ta mátíréèsì. Ọkùnrin tó fẹ̀sùn kàn mí ni ọkọ mi, ó yẹ kí ọkọ mọ ibi tí ìyàwó rẹ̀ ń lọ láàárọ̀. Ṣé ẹnì kan wà tó kọ́ mi níṣẹ́, tó ṣì wà láàyè?

Ẹnì kan wà. Obìnrin dúdú ará Georgia, ó ga, kì í rẹ́rìn-ín, tí a bá mú kóòmù bí kò ṣe yẹ, ó máa ń gbá wa lọ́wọ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀.

"Ṣé òun náà ní láísẹ́ǹsì?" ọ̀gá mi béèrè.

"Ó gbọ́dọ̀ ní in."

"Wá a, nígbà yẹn."

Ojú òpó tí wọ́n ti ń wá láísẹ́ǹsì wà níta gbangba. Ẹnikẹ́ni lè tẹ orúkọ onírun síbẹ̀, yóò sì rí i bóyá láísẹ́ǹsì rẹ̀ ṣì dára, àti ìlú tó wà. Òru púpọ̀ ni mo ti fi bẹ̀rù ojú òpó yẹn, tí mo ń rò ó pé lọ́jọ́ tí Texas bá fún mi ní láísẹ́ǹsì, ọkọ mi yóò kàn tẹ orúkọ mi ni. N kò rò ó rí pé èmi náà lè tẹ orúkọ ẹlòmíràn. Olùkọ́ mi wà níbẹ̀. Ó ṣì ń ṣe irun, ní ìlú kékeré kan. A pe ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ní ìlú náà kí a tó bá a.

Mo kí i. Mo sọ orúkọ mi. Kò rántí. Mo sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni mí. Ó ní ọmọ Nàìjíríà tí òun kọ́ pọ̀. Mo ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń fọ irun ni mo máa ń dúró sí. Mo mọ̀ pé ó ti fẹ́ gbé fóònù kalẹ̀. Ohun kan ló kù tí mo lè sọ, n kò sì fẹ́ sọ ọ́, nítorí ìtìjú rẹ̀ kò tíì kúrò lára mi.

"Ọkọ mi ló máa ń dúró níta."

Ó mí kanlẹ̀. "Ọkùnrin aláago," ó ní. "Ìwọ ni ìyàwó ọkùnrin aláago."

N kò mọ̀ rí pé wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Lójoojúmọ́ tí mo fi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, òun ló gbé mi lọ, òun ló sì wá mú mi. Kí kíláàsì tó parí, yóò ti dúró sẹ́yìn gíláàsì, yóò máa fi ìka kan aago ọwọ́ rẹ̀. Bí olùkọ́ bá fi wá pẹ́ díẹ̀, èmi ni yóò jìyà rẹ̀ nílé. Ọjọ́ kan ó wọlé wá láì kan ilẹ̀kùn, ó fẹ́ mọ irun orí ọkùnrin wo ni mo ń gé. Orí ọmọlangidi ni. Kíláàsì rẹ́rìn-ín, wọn kò mọ̀ pé ẹ̀rín náà yóò tẹ̀lé mi délé.

"Mi ò rántí ojú ẹ," olùkọ́ mi ní nígbà tí mo sọ ẹ̀sùn náà fún un tán, "kí n má purọ́. Ojú tiẹ̀ ni mo rántí. Mo gbé fóònù lẹ́ẹ̀mejì pé kí n pe ọlọ́pàá, mo tún gbé e kalẹ̀. Ó sọ pé o kò wá sílé-ẹ̀kọ́ mi rí? Òun? Fún mi ní nọ́ńbà obìnrin Georgia yẹn."

Lẹ́yìn ìyẹn, mo dúró. N kò lè pe ẹnikẹ́ni, n kò sì lè sùn. Mo ń di irun. Mo ti fúnra mi ṣí í-meèlì tuntun, páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ kò sí níbì kankan àfi nínú orí mi, mo sì ń wò ó bí ẹni ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Georgia kò pè mí. Inú àpótí mi ní póòsì ọ́fíìsì ni mo ti mọ̀. Mo lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo kọ́kọ́ jókòó nínú ọkọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, títí gbogbo ẹni tó wà níta fi lọ. Àpòòwé kan wà nínú rẹ̀ láti Texas. Láísẹ́ǹsì ni. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan, mo tún dúró lórí èkejì. Mo padà sínú ọkọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo pe òṣìṣẹ́ Georgia yẹn, nítorí n kò gba ìwé náà gbọ́.

"A ti pa ẹ̀sùn náà dé," ó ní. "Ṣé wọn ò sọ fún ẹ?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo ní kó wá búra sí ohun tó kọ. Mo sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, tó bá jẹ́ pé o kò lọ sílé-ẹ̀kọ́, ta ni òun ń dúró dè níta lójoojúmọ́?" Mo gbọ́ tí ó ń yí ìwé kan. "Kò dá wa lóhùn mọ́ láti ìgbà náà. Láísẹ́ǹsì ẹ mọ́. Ṣé ó ku nǹkan míràn?"

Mo ní kò kù.

Ní ṣọ́ọ̀bù, a gbọ́dọ̀ lẹ fọ́tò mọ́ láísẹ́ǹsì, kí a sì gbé e kọ́ síbi tí oníbàárà yóò ti rí i. Láti ìgbà tí mo ti dé Dallas, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya mí ní fọ́tò. Ọ̀gá mi fi fóònù rẹ̀ yà mí ní ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́. Ó wò ó dáadáa.

"Ojú wo lo ṣe yìí? O dà bí ẹni tó fẹ́ bá oníbàárà jà."

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ọ̀gá."

Orúkọ ọkọ mi ṣì wà lẹ́yìn tèmi lórí ìwé náà. Ìyẹn yóò tún gba kóòtù míràn. Mo gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ní àga iwájú. Nọ́ọ̀sì tó pè mí lábẹ́ dráyà lọ́jọ́ yẹn ló kọ́kọ́ jókòó. Láti ọjọ́ náà ló ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, tí mo sì ń sọ fún un pé kò mọ ẹni tó wà lórí fóònù.

"Ìyá Georgia, ṣé ẹ ti lè fi ríláàsà sí i fún mi báyìí?"

"Mo ti lè fi sí i."

Mo wọ ìbọ̀wọ́. Kí n tó ya irun rẹ̀, mo yí àga náà díẹ̀, kí n lè máa rí ilẹ̀kùn.